Fírídọ̀mù Tí Mo Fún Ara Mi ní Ọ̀yọ́

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ sún mọ́bí, ẹ jẹ́ kí n ro ẹjọ́ mi fún yín, torí inú ń bí mi. Ohun tójú mi rí ní Ọ̀yọ́ lórí ọ̀rọ̀ òyìnbó kan ṣoṣo, bí mi ò bá sọ ọ́, ikùn mi á bẹ́!

Ọ̀rọ̀ náà ni fírídọ̀mù.

Ta ni ò mọ fírídọ̀mù láyé ìsinsìnyí? Ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ télọ̀, kò sọ́jọ́ tétí wa kì í gbọ́ ọ. Àwọn olóṣèlú á gun orí lọ́rì, wọ́n á gbé gbohùngbohùn sẹ́nu, wọ́n á ní kí òyìnbó máa lọ, kó fún wa ní fírídọ̀mù. Tó bá di Sọ́ńdè, pásítọ̀ Onítẹ̀bọmi náà á gun àga ìwàásù, á ní fírídọ̀mù tòótọ́ ni kéèyàn bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Obìnrin tó bá kọ ọkọ ẹ̀ ní kọ́ọ̀tù, á máa yan lọ láàárín ìgboro, á ní òun ti gba fírídọ̀mù òun. Ẹni tí ọlọ́pàá tì mọ́lé tí wọ́n wá tú sílẹ̀ ńkọ́? Fírídọ̀mù náà ni!

Èmi mọ gbogbo ẹ̀ pátá. Mo kàwé dé Sítáńdáàdì Fọ́ọ̀, ǹ bá sì kà jù bẹ́ẹ̀ lọ bí bàbá mi ò bá kú. Nínú àwa tí à ń kọ́ṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù wa, èmi nìkan ló lè ka òyìnbó tí wọ́n kọ sára páálí òwú lẹ́ẹ̀kan náà, láìdúró mí. Bí àwọn tó kù bá ń jiyàn, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé e wá. Wọ́n á ní, "Àlàbí, èwo ló jẹ́?" Èmi á sì là á yé wọn!

Ṣùgbọ́n láàárín àwa ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́, fírídọ̀mù kan wà tó ju gbogbo ìwọ̀nyẹn lọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Òun ni ọjọ́ tí ọ̀gá ẹ máa pe àwọn télọ̀ ẹgbẹ́ ẹ̀ jọ, tí àwọn èèyàn ẹ máa gbé oúnjẹ wá, tí wàá kúnlẹ̀ níwájú gbogbo wọn, tí ọ̀gá máa fi àlùmọ́gàjí lé ẹ lọ́wọ́, tó máa gbàdúrà sí ẹ lórí. Ìgbà yẹn lo tó di télọ̀. Ìgbà yẹn lo tó lè ṣí ṣọ́ọ̀bù tìẹ.

Ọjọ́ yẹn ni mò ń retí. Ọjọ́ yẹn náà ló kọ̀ tí ò dé!

Ọ̀gá mi, Bàbá Ìyábọ̀ là ń pè é. Díákónì ni ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n jẹ́jẹ́ ẹ̀ yẹn gan-an ló ń dùn mí! Kì í pariwo, kì í lu èèyàn. Bó o bá ránṣọ tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, á kàn gbé e lé ẹ lẹ́sẹ̀, á ní, "Tú u." Ó parí. Kó tiẹ̀ gbá ẹ létí, ṣebí ìyẹn sàn?

Mo sì mọṣẹ́ o. Mò ń gé agbádá, mò ń rán kóòtù. Àwọn tíṣà tó ń wá láti Ìrẹsà, bí wọ́n bá ti wọlé, wọ́n á ní Àlàbí ni káwọn rí tó máa wọn ṣòkòtò àwọn. Ṣé irọ́ ni mò ń pa? Ẹ lọ béèrè! Kí ló wá kù? Mo bi ọ̀gá pé ìgbà wo ni n ó gba fírídọ̀mù mi. Ó ní, "Ó ń bọ̀."

Ó ń bọ̀! Láti ibo? Ṣé ẹsẹ̀ ló fi ń rìn bọ̀ ni?

Ó wá di ọjọ́ kan, àwọn olóṣèlú tún gbé lọ́rì wọn dúró sítòsí ṣọ́ọ̀bù wa. Ọkùnrin kan tó wọ agbádá funfun ń laagùn, ó ń pariwo pé kò sẹ́ni tó lè so ọmọ èèyàn mọ́lẹ̀ mọ́, pé fírídọ̀mù kì í ṣe ohun tí à ń tọrọ, pé gbígbà là ń gbà á. Ẹ̀yin èèyàn, orí mi wú! Mo wọlé tọ ọ̀gá lọ níbi tó ti ń fẹ́ iná èédú sí áyọ́ọ̀nù.

Mo ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ níta? Òyìnbó pàápàá ti ń múra àtilọ. Kí lẹ̀yin ń dúró dè?"

Àwọn oníbàárà tó jókòó bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Àlàbí, òyìnbó tó ń lọ yẹn, ṣé òun ló kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń gbé ọrùn sí bùbá? Èyí tó o rán lánàá wọ́. Tú u."

Níṣojú oníbàárà! Jìmọ́, tá a jọ ń kọ́ṣẹ́, wá sọ mí di yẹ̀yẹ́ títí a fi jẹun ọ̀sán. "Ọ̀gá tuntun, ẹ kú oríire o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé wa bẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ òyìnbó!"

Ká ní ẹ̀yin ni, ṣé ẹ máa gbà? Mo tú bùbá yẹn o, mo sì tún un rán. Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo ká ẹrù mi, mo wọ lọ́rì tó ń lọ sí Ọ̀yọ́. Mi ò dágbére fún ẹnì kankan.

Ọ̀yọ́ nilé wa. Ìyá mi, ìjọ Aládùúrà ló ń lọ, iyọ̀ àti irú ló sì ń tà lọ́jà Àkẹ̀sán. Òwò yẹn ló fi ra máṣíìnì kan pamọ́ dè mí látìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Igun yàrá ẹ̀ ló wà, ó fi aṣọ funfun bò ó, kò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Láràárọ̀ ló máa ń fi omi àdúrà wọ́n ọn. Àwọn kan ń gbàdúrà fún ọmọ, ìyá mi ń gbàdúrà fún máṣíìnì!

Bó ṣe rí mi lẹ́nu ọ̀nà, àyà ẹ̀ já. "Àlàbí! Ṣé kò sí o? Ta ló kú?"

Mo ní, "Kò sẹ́ni tó kú, Ìyá. Mo ti gba fírídọ̀mù."

"Fírídọ̀mù tí wọn ò pè mí sí? Ta ló wá gbé oúnjẹ lọ fún wọn?"

Mo ní ayé ti yí padà, pé ti òde òní ò gba oúnjẹ mọ́. Ó wò mí títí. Ó ní ṣé ọ̀gá mi gbàdúrà fún mi. Mo ní kò sọ́jọ́ tí ọ̀gá mi kì í gbàdúrà fún wa. Ṣé irọ́ nìyẹn? Díákónì mà ni!

Mi ò jẹ́ kó tún béèrè nǹkan kan. Mo ṣí aṣọ funfun yẹn kúrò lórí máṣíìnì, mo gbé e síta sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé bàbá mi tó kọjú sí títì, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo ní kí ayàwòrán kan kọ pátákó fún mi, gàdàgbà: FREEDOM TAILOR. Áà, ẹ bá wá wò ó! Kò sẹ́ni tó máa kọjá tí ò ní dúró béèrè pé kí ni wọ́n kọ síbẹ̀. Èmi á wá la gbogbo ìtumọ̀ ẹ̀, ti olóṣèlú, ti pásítọ̀, ti kọ́ọ̀tù, ti àgọ́ ọlọ́pàá. Tí mo bá wá parí, n ó ní, "Ṣòkòtò tí mo bá rán fún yín, ẹsẹ̀ yín náà á gba fírídọ̀mù!" Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí, wọ́n á lọ gbé aṣọ wá.

Iṣẹ́ ya wọlé. Ràímì, awakọ̀ lọ́rì kan ládùúgbò wa, fẹ́ gbéyàwó. Wọ́n fẹ́ so yìgì ẹ̀ ní Sátidé, ó wá kó dàmáàsìkì funfun fún mi pé kí n fi rán agbádá, bùbá àti ṣòkòtò. Aṣọ iyì! Mo wọ̀n ọ́n, mo gé e.

Ọjọ́ kejì tí mo gé e làwọn àgbààgbà kan yà sọ́dọ̀ mi, téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn oníkálukú. Wọ́n kí mi dáadáa: "Ẹ kú iṣẹ́ o, télọ̀."

Inú mi dùn. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin bàbá. Kí ni kí n bá yín rán?"

Èyí tó dàgbà jù nínú wọn rẹ́rìn-ín. "Bá wa rán kẹ̀? Aránṣọ làwa náà, ọmọ wa. Èmi ni Alága ẹgbẹ́ télọ̀ àdúgbò yìí. Ọ̀dọ̀ ta lo ti kọ́ṣẹ́?"

"Ọ̀dọ̀ Bàbá Ìyábọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, sà."

"A mọ̀ ọ́n. Ìgbà wo ló tú ẹ sílẹ̀? Torí Bàbá Ìyábọ̀ ò lè ṣe fírídọ̀mù ọmọ Ọ̀yọ́ kó má ránṣẹ́ sí wa."

Mo bá gbẹ́nu lé àlàyé. Mo rò ó láti orí ti olóṣèlú dé orí ti ṣọ́ọ̀ṣì. Mo kó òyìnbó sí i, mo rọra ń sọ ọ́ kó lè yé wọn. Bàbá Alága ń mi orí, ó ń gbọ́. Nígbà tí mo ṣe tán, ó ní, "O gbọ́ òyìnbó, ọmọ yìí. Kò sírọ́ ńbẹ̀. Ta ló wá fi àlùmọ́gàjí lé ẹ lọ́wọ́?"

Mo fa òwú yọ lójú abẹ́rẹ́, mo tún ki í bọ̀ ọ́.

"Ta ló wà níbẹ̀ tó rí i?"

Kí ni kí n sọ? Ẹ sọ fún mi, kí ni kí n sọ?

Bàbá Alága ní, "A ò bá ẹ jà o. Ṣùgbọ́n bó o bá ba aṣọ aláṣọ jẹ́ lọ́la, tó o sá lọ, ilé ta la ó lọ? Ẹni tó fi àlùmọ́gàjí lé èèyàn lọ́wọ́ ni onídùúró ẹ̀. Ìwọ, o ò ní onídùúró." Ló bá ṣẹ́jú sáwọn tó kù.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, wọ́n mú irin tí wọ́n fi ń tú nọ́ọ̀tì, wọ́n tú orí máṣíìnì ìyá mi kúrò lórí ẹsẹ̀ ẹ̀! Wọ́n fi aṣọ wé e jẹ́jẹ́, bí ẹni ń gbé ọmọ tuntun. Wọ́n ní kí ọ̀gá mi wá gbà á lọ́wọ́ àwọn fúnra ẹ̀.

Mo figbe ta! Mo ní, "Olè o! Ẹ gbà mí o!" Àwọn ará àdúgbò sáré jáde. Bí wọ́n ṣe rí téèpù lọ́rùn àwọn bàbá yẹn báyìí, ohun tí wọ́n sọ ni, "Ẹ kú wàhálà o, ẹ̀yin àgbà." Ẹ kú wàhálà! Àwọn tó wá kó mi lẹ́rù ni wọ́n ń kí!

Ẹsẹ̀ máṣíìnì nìkan ló kù síwájú mi. Mo jókòó tì í bí ọ̀gọ̀.

Mo gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ. Kópùrù kan bi mí pé ta ló gbé e. Mo ní ẹgbẹ́ télọ̀ ni. Ó gbé bírò ẹ̀ sílẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ ló ń yanjú ẹ̀, pé òun náà ní aṣọ lọ́dọ̀ Bàbá Alága, òun ò fẹ́ kó pẹ́ jáde.

Mo lọ bá àwọn olóṣèlú tó ń ṣe ìpàdé lọ́jà. Mo rò pé àwọn yìí ni tèmi, ṣebí àwọn ló ní gbígbà là ń gbà á! Ọ̀kan nínú wọn gbọ́ tẹnu mi, ó dì mọ́ mi, ó pè mí ní ọmọ gidi. Ó ní bí Nàìjíríà bá ti gba fírídọ̀mù, àwọn á wò ó. Bí Nàìjíríà bá ti gbà á! Ràímì máa gbéyàwó ní Sátidé!

Ìyá mi mú mi lọ sọ́dọ̀ wòlíì ìjọ wọn. Wòlíì gbọ́, ó dijú, ó lajú. Mo rò pé á ríran. Ó ní, "Lọ bẹ ọ̀gá ẹ." Ṣé ìran nìyẹn? Jìmọ́ náà ì bá rí ìyẹn!

Ràímì fúnra ẹ̀ wá dé. "Àlàbí, aṣọ mi ńkọ́?" Ó rí dàmáàsìkì tí mo ti gé lélẹ̀, ó rí ẹsẹ̀ máṣíìnì tí ò lórí. "O ti gé e? O ti gé e! Gbogbo télọ̀ Ọ̀yọ́ tí mo bá gbé e lọ báyìí, wọ́n á ní àwọn kì í rán ohun tẹ́lòmíì gé. Ṣé síńgílẹ́ẹ̀tì ni kí n wọ̀ lọ so yìgì ni? Kí àwọn àna mi máa ka egungun àyà mi?"

Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ gbogbo ẹ̀. Kò bínú. Ó ní, "Wọ aṣọ ẹ. À ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́."

Mo ní mi ò lọ. Pé èmi ò lè padà lọ máa túṣọ.

Ó ní, "Máṣíìnì mi ni. Kì í ṣe tìẹ. Bó o bá fẹ́, jókòó." Ó ti ń wé gèlè. Mo tẹ̀ lé e.

Ẹ ẹ̀ mọ ohun tó dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ìyá mi dé ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá, níwájú Jìmọ́ àtàwọn oníbàárà, ó kúnlẹ̀! Ìyá mi! Mo dọ̀bálẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀, mi ò lè gbójú sókè. Ọ̀gá sáré dìde. "Ẹ dìde, Ìyá Àlàbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, kí lẹ ń ṣe báyìí?" Ó fún un lága, ó ní kí wọ́n bu omi fún un.

Ó wá kọjú sí mi. Mo ti ń retí èébú. Ó ní, "Aṣọ ta ló wà lọ́wọ́ ẹ?"

Mo ní aṣọ ọkọ ìyàwó kan ni.

"Ọjọ́ wo ló fẹ́ wọ̀ ọ́?"

"Sátidé, sà."

Ó dé fìlà. Ó ní, "Jìmọ́, máa wo ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó bá gba aṣọ ọkọ ìyàwó, kò gbọdọ̀ jẹ́ kó lọ sílé àna ẹ̀ níhòòhò."

A jọ wọ lọ́rì padà sí Ọ̀yọ́. Kò bá mi sọ̀rọ̀ lọ́nà. Ìyá mi ló ń bá sọ̀rọ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀ irú tó wọ́n!

Ní ṣọ́ọ̀bù Bàbá Alága, àwọn méjèèjì kí ara wọn títí, wọ́n béèrè ilé, wọ́n béèrè ọmọ, bí ẹni pé ìnáwó ni wọ́n wá. Lẹ́yìn náà ni Alága gbé orí máṣíìnì sórí tábìlì. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ jókòó yí ká.

"Bàbá Ìyábọ̀, ẹnu yín là ń retí. Ṣé ọmọ yín ni?"

"Ọmọ mi ni."

"Ṣé ẹ ti tú u sílẹ̀?"

Mo tẹjú mọ́ ẹnu ọ̀gá. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rọ̀ kan péré! "Bẹ́ẹ̀ ni" ni! Kí ló máa ná an? Àwọn télọ̀ ti pé jọ, àlùmọ́gàjí wà lórí tábìlì, ìyá mi wà níbẹ̀. Kó kàn gbàdúrà kúkúrú, ká máa lọ!

Ọ̀gá wò mí. Ó ní, "N ò tíì tú u sílẹ̀. Bí mo bá sọ pé mo ti tú u, irọ́ ni mo pa fún yín, irọ́ ni mo sì pa fún òun náà. Bó bá tó àsìkò, n ó ránṣẹ́ pè yín."

Bàbá Alága ní, "A gbọ́." Wọ́n gbé orí máṣíìnì fún ìyá mi. Kì í ṣe fún mi o! Ìyá mi!

Ọ̀gá wá tọrọ àyè lọ́wọ́ Alága pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn fi máṣíìnì ẹ̀ parí aṣọ Ràímì. Mo sáré lọ kó dàmáàsìkì yẹn wá nílé. Ó tẹ́ ẹ, ó fọwọ́ tọ ibi tí mo gé. Ó ní, "Gígé ẹ̀ dáa." Ó kàn sọ ọ́ báyìí, ó ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Látọjọ́ tí mo ti dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí! Ó jókòó sídìí máṣíìnì, ó ní kí n jókòó ti òun, kí n máa fi ọwọ́ rán etí agbádá. A ò dìde títí ó fi parí.

Ràímì wọ̀ ọ́ ní Sátidé, ó yẹ ẹ́ bí ọba. Ta ló dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀? Ọ̀gá! "Bàbá, ọwọ́ yín ò ní bàjẹ́ o!" Ẹni tó gé e ńkọ́? Àbí aṣọ ń gé ara ẹ̀ ni?

Bọ́rọ̀ ṣe rí nìyẹn. Máṣíìnì ti padà sígun yàrá, aṣọ funfun ti bò ó. Pátákó mi tó rẹwà yẹn, ìyá mi ti fi dé ìkòkò omi. Èmi ti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, mò ń fẹ́ná sí áyọ́ọ̀nù, Jìmọ́ ń pè mí ní Òmìnira!

Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ rèé, bó ti wù kó dùn mí tó. Fírídọ̀mù olóṣèlú, èèyàn lè fi ariwo gbà á. Ti ṣọ́ọ̀ṣì, o lè kúnlẹ̀ gbà á ní yàrá ẹ, ìwọ àti Ọlọ́run ẹ. Ṣùgbọ́n ti iṣẹ́ ọwọ́, ẹnu ẹlòmíì ló wà. Ẹni tó máa gbà láti dúró fún ẹ lọ́jọ́ tó o bá ba aṣọ aláṣọ jẹ́, òun ló ni ín, òun náà ló lè fún ẹ. Mo ti mọ̀ ọ́n báyìí. Ṣé mo fẹ́ràn ẹ̀? Rárá o! Ṣé gígé tí ò lábùkù tún nílò kí n máa fẹ́ná ni?

Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ̀yin káfíńtà, ẹ̀yin bíríkìlà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ́ ọkọ̀ wíwà, ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe yín? Ta ló fi irin iṣẹ́ lé yín lọ́wọ́, báwo lara yín ṣe rí lọ́jọ́ náà? Tàbí ẹni kan wà láàárín yín tó sá lọ bíi tèmi, tí ẹgbẹ́ ò rí i mú? Ẹ sọ tiyín, kí n gbọ́, kí n mọ̀ pé èmi nìkan kọ́.

Èmi tún bi ọ̀gá lánàá pé ìgbà wo ni. Ó ní, "Ó ń bọ̀."

Kó yáa tètè máa bọ̀ o!